Iyọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, Agbáyun Rẹ́mọ

Ahọ́n mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti kúrò nílé. Ẹsẹ̀ mi kò mọ̀, nítorí ilẹ̀ ni ilẹ̀. Ojú mi kò tètè mọ̀, nítorí ojú tí mo bá ní Ṣàgámù kò yàtọ̀ sí ojú tí mo fi sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi oúnjẹ àkọ́kọ́ kan ẹnu ní ilé Ìyá Ìjókù, ahọ́n mi dúró, ó ní ọ̀nà ti jìn.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ìdálẹ̀ wo ni Rẹ́mọ. Wọ́n ní ẹni tó lọ sí Kùmásì, tàbí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó, òun ló lọ sí ìdálẹ̀. N kì í bá wọn jiyàn. Ibi tí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ fún ọ tí o kò mọ orúkọ rẹ̀, tí àwọn tó yí ọ ká ń sọ Yorùbá tí ìwọ Yorùbá ní láti tẹ́tí sí dáadáa kó tó yé ọ, ìdálẹ̀ ni ibẹ̀.

Mo ti tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta báyìí. Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀wé, nítorí náà n ó sọ ọ̀rọ̀ mi bó ṣe rí, n kò ní fà á gùn.

Nígbà tí Àṣàbí, ìyàwó mi, wà láyé, àwa méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iyọ̀ ló máa ń bá wa sọ ọ́. Bàbá mi máa ń wí pé nígbà ọmọdé òun, iyọ̀ wọ́n nílùú wa nítorí òkun jìnnà, àlejò tí wọ́n bá fẹ́ràn nìkan ni wọ́n ń bu iyọ̀ dáadáa sí ọbẹ̀ rẹ̀. Àwa ọmọ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Nínú ilé tèmi, ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù ni ọbẹ̀ ìfẹ́. Àṣàbí á tọ́ ọ wò, á wò mí lójú, á tún bu díẹ̀ sí i. Mo mọ ohun tó ń wí.

Nígbà tó kú, ilé dákẹ́. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ti wà nílé ọkọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí n máa sinmi. Mo jókòó lórí àga náà títí mo fi rí i pé ikú ni mò ń dúró dè. Ọmọ ìlú wa kan tó ń kó obì lọ sí Òkè Ọya wá sọ fún mi pé ní Sábó, ní Ṣàgámù, wọ́n ń wá ọwọ́ tó lè di obì. Mo ní ọwọ́ méjì. Mo lọ.

Yàrá tí mo gbà wà ní Ìjókù, nílé opó kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìjókù. Yóò fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ẹni tó bá gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ gba ìkòkò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kì í jẹ́ kí ọkùnrin dáná nínú ilé òun. Ó ní iná ọkùnrin kì í mọ sídìí ààrò.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ó gbé àwo kan síwájú mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ pupa díẹ̀, ó ki, ẹja yọ orí níbẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọbẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ọbẹ̀ wo?”

“Èyí tí n ó fi jẹ ẹ́.”

Ó wo àwo náà, ó wò mí. “Ará òkè, ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ni. Àbí ọbẹ̀ lo fẹ́ fi jẹ ọbẹ̀?”

Ewùrà ni wọ́n rin, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ epo, ata àti ẹja. Ó rọ̀ lẹ́nu, ẹja rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ kò dé ibi tí iyọ̀ Àṣàbí máa ń dé. Mo yọ agolo kékeré kan lápò, mo wọ́n iyọ̀ sí i. Agolo ìdáná Àṣàbí ni. Òun nìkan ni mo mú nínú gbogbo ohun èlò rẹ̀.

“Oúnjẹ mi kò níyọ̀ ni?” Ìyá Ìjókù bi mí.

“Ó níyọ̀, Ìyá. Iyọ̀ ilé mi ni kò sí níbẹ̀.”

“Ó dára. Máa wọ́n ọn lọ. Agolo kì í ṣe kànga.”

Ní Sábó, òórùn obì ló ń pàdé ènìyàn kó tó rí ọjà. Àwọn obìnrin á rẹ obì sómi, wọn á bó awọ funfun ara rẹ̀. Àwa ọkùnrin á ṣà á, a ó yọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀, a ó tẹ́ ewé tútù sínú agbọ̀n, a ó to obì lé e, a ó fi ewé bò ó, a ó sì rán an pa. Àwọn oníṣòwò Hausa á wá kó o sí lọ́rì. Obì tí a kò bá fi ewé tẹ́ dáadáa á ti gbẹ kó tó dé Kánò, ẹni tó dì í ni wọ́n sì máa bú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ náà tètè yé mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kò gba ọ̀rọ̀.

Ọkùnrin Rẹ́mọ kan, Ṣódiípọ̀, ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí èmi kò bá sọ, òun á sọ ọ́ mọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó na èso pupa kékeré kan sí mi, kò tóbi ju ìka ọmọdé lọ.

“Ará òkè, fi èyí panu.”

Mo jù ú sẹ́nu. Kò ní adùn kan pàtó. Mo lá ẹran ara rẹ̀ tán, mo tu kóró rẹ̀ dànù. Ṣódiípọ̀ wá la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ó mu ìdajì láìfajúro, ó na ìdajì sí mi.

“N kò fẹ́. Ó kan.”

“Ẹ gbọ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń bẹ̀rù ọsàn.”

Gbogbo wọn ti dáwọ́ dúró. Mo gbà á, mo mu ún. Ó dùn bí oyin. N kò sọ àsọdùn. Ọsàn wẹ́wẹ́ tó yẹ kó mú eyín mi kan, oyin ló ń ṣàn nínú rẹ̀. Mo tu ú sílẹ̀, mo dìde. Mo lọ sídìí ìkòkò ẹ̀kọ tí wọ́n gbé wá fún wa, èyí tó ti kan láti àná. Mo bu mu. Oyin ni òun náà.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo rọra rìn dé Ìjókù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi.

Ìyá Ìjókù dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Níbo nìyẹn?”

“Ilé. Wọ́n ti gba ẹnu mi lọ́wọ́ mi.”

“Kí ni wọ́n fún ọ jẹ?”

Mo sọ fún un. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Agbáyun ni. Kò sí ọmọ Rẹ́mọ tí wọn kò fi tàn jẹ rí. Ó ń sọ kíkan di dídùn fún ìgbà díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jókòó. Kí n tó gúnyán alẹ́ tán, ẹnu rẹ á ti padà wálé.”

Ẹnu mi padà lóòótọ́. Èmi ni kò padà. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Agbáyun ni wọ́n ń pè mí ní Sábó.

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ìlú wa, nítorí náà tẹlifóònù kò ṣòro fún wa tó bó ṣe ṣòro fún àwọn ẹlòmíràn. Èmi á lọ sí ti Ṣàgámù, n ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí wọn á fi bá mi so ó pọ̀. Ohùn ọmọ mi á dé bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga. Mo sọ ọ̀rọ̀ agbáyun fún un, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹ máa bọ̀ wálé.”

“Èso igi lásán ni, Àbẹ̀kẹ́.”

“Irú igi wo nìyẹn? Ẹ máa bọ̀.”

Bí gbogbo ìpè wa ṣe máa ń parí nìyẹn. Èmi á ní mo wà dáadáa, òun á ní kí n máa bọ̀.

Mo wà dáadáa lóòótọ́ nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi ló le. Àwọn ará ilé á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹbí á bẹ ẹbí wò, èmi á wà nínú yàrá. Ìgbà náà ni mo kọ́ bí a ṣe ń fi ṣúgà pa ọjọ́. Gàrí Rẹ́mọ kan dáadáa. Bí o bá da omi tútù sí i, tí o ju ṣúgà oníhóró sí i, tí kíkan àti dídùn ń bá ara wọn jà lẹ́nu, èèyàn lè gbàgbé pé òun nìkan ló jókòó. Lẹ́yìn náà, mo mọ Hausa kan tó ń ta tíì ní Sábó. Mílíìkì inú agolo ló máa ń dà sí i, kò sì mọ̀ ọ́n dà díẹ̀. Mo ń mu tirẹ̀ láàárọ̀, mo ń mu ún nírọ̀lẹ́. Ẹnu tó bá dá wà á wá ohun tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Iyọ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ ilé. Ṣúgà ń bá mi sọ̀rọ̀ ìdálẹ̀. Mo gbà fún àwọn méjèèjì.

Kì í ṣe pé n kò ní nǹkan mìíràn. Ní àwọn ọdún tí gbogbo ọmọ ìlú ń lọ sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n dá kíláàsì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Mo lọ. Àwọn tó jókòó tì mí jẹ́ aránṣọ àti alápatà. Ọwọ́ mi tó ti mọ obì kò tètè mọ kálámù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo ka àkọlé ara lọ́rì kan láìbi ẹnikẹ́ni, mo dúró lójú títì, mo tún un kà. Wọ́n sì ti fi mí ṣe olórí àwọn tó ń di obì lágbàlá wa. Ṣódiípọ̀ ní ará òkè ti di ọba Sábó, kí wọ́n wá fi agbáyun ṣe adé fún mi.

Nígbà náà ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀. Mo ń mu omi bí ẹni tó sá kúrò nínú iná, mo sì ń lọ ẹ̀yìnkùlé ṣáá. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé èèrà ń tò lọ síbi tí mo ti ń tọ̀. Kùkùté kan sì ti gún mi lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo lọ já ewé, lábẹ́ àtàǹpàkò. Egbò kékeré ni. Kò jinná.

Mo sọ fún Ṣódiípọ̀.

“Dídùn ló pọ̀ lára rẹ,” ó ní. “Ewúro ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Fún un mu láàárọ̀, kíkorò á lé dídùn jáde. O kò sì ní fi ṣúgà rẹ sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé kíkorò ni ọ̀tá dídùn? Mo ń mu ewúro láàárọ̀, kíkorò rẹ̀ ń mú mi gbọ̀n. Nígbà tí mo bá mu ún tán, mo gbà pé mo ti san ohun tó yẹ, mo sì ń lọ sọ́dọ̀ Hausa onítíì pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Bí mo bá fẹ́ hóró ṣúgà kan sí i, mo ń fi ife ewúro kan sí i. Èèrà kò gbọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i.

Ìyá Ìjókù ló mú mi dé ilé ìwòsàn, nítorí ó rí i pé mo ti ń tiro. Ó jókòó tì mí, ó ní òun kò lọ síbì kankan. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ojú rẹ̀ tutù, ó sì mọ àgbà. Ó fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó gba ìtọ̀ mi, ó kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú oògùn aláwọ̀ aró, ó sè é lórí iná kékeré. Lójú mi, aró náà di àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ ìyeyè, ó sì pọ́n bí ilẹ̀ ọ̀nà oko Ṣàgámù.

“Bàbá, àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà ti kún ara yín. Ẹ̀jẹ̀ yín náà sì ń ru.”

“Mo ń mu ewúro.”

“Ẹ ṣeun tí ẹ ń mu ún. Ewúro dára. Ṣùgbọ́n ewúro kì í ṣe ọlọ́pàá, Bàbá. Kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa mú ṣúgà.”

Ìyá Ìjókù kọ ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Dókítà wo ẹsẹ̀ mi. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ṣúgà kò bá kúrò lára mi, egbò náà kò ní jinná, bí kò bá sì jinná, wọn yóò gé àtàǹpàkò náà, ó sì lè má mọ síbẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, nọ́ọ̀sì ṣàlàyé oúnjẹ fún mi. Kò gbọdọ̀ sí ṣúgà, oyin tàbí mílíìkì dídùn. Kí iṣu, gàrí àti ẹ̀kọ mọ níwọ̀nba. Kí iyọ̀ dín kù gan-an. Kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀.

“Kí ló wá kù tí n ó jẹ?” mo bi í.

“Ó pọ̀, Bàbá. N kò ní kí ẹ jẹ ohun tí ẹ kò fẹ́. Nínú èyí tó dára, ẹ wá èyí tí ẹnu yín fẹ́. Ẹ̀yin lẹ ni ẹnu yín.”

Mo pe Àbẹ̀kẹ́. Mo ronú kí n pa á mọ́ fún un, ṣùgbọ́n n kò mọ irọ́ pa nínú tẹlifóònù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ yín ní ìlú onílùú.”

“Wọn kò tíì gé nǹkan kan.”

“Èmi ń bọ̀ wá mú yín.”

“Dúró, Àbẹ̀kẹ́. Jẹ́ kí obì ọdún yìí kásẹ̀ nílẹ̀. Bí egbò náà bá wà níbẹ̀ nígbà náà, mo bá ọ lọ, n kò sì ní padà.”

“Ẹ ṣèlérí?”

“Mo ti sọ ọ́.”

Mo mọ ohun tí mo fi dógò. Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Bí mo bá padà, àga abẹ́ máńgòrò ń dúró dè mí, àti àwo oúnjẹ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, àti ọmọ rere tí yóò máa gé ẹran wẹ́wẹ́ fún mi. Ní Ṣàgámù, ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ ni mí. Mo fẹ́ kú bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá yá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ìjókù gbé ọbẹ̀ wá. Mo tọ́ ọ wò. Omi gbóná ni. Mo mọ ìdí rẹ̀, ó gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Síbẹ̀ ó bí mi nínú. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tó bá fẹ́ lé ènìyàn jáde ló ń se irú ọbẹ̀ yẹn fún un. Mo na ọwọ́ sápò. Agolo kò sí níbẹ̀.

“Mo ti gbé e,” ó ní. “Ó wà lórí pẹpẹ mi, n kò sọ ọ́ nù.”

“Ti ìyàwó mi ni.”

“Mo mọ̀. Ìyàwó tó fi iyọ̀ ṣìkẹ́ rẹ, ṣé o rò pé inú rẹ̀ á dùn kí o fi ẹsẹ̀ kan wá bá òun lọ́run? Jẹun, Bàbá Àbẹ̀kẹ́.”

Mo jẹun. Mo fi ìbínú jẹ ẹ́ títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Lẹ́yìn náà, mo rí i pé ìbínú kì í dùn ju ọbẹ̀ náà lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo orí. Mo béèrè fún irú. Mo béèrè fún efinrin, mo ní kí ó jẹ́ kí àlùbọ́sà pọ̀. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi èéfín yan dáadáa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu láìní iyọ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n sè rọ̀, tí wọ́n fi ata àti epo díẹ̀ sí, mo rí i pé mo lè jẹ ẹ́ láìwo ẹ̀yìn. Tẹ̀tẹ̀ kò bá mi lára mu, mo fi í sílẹ̀. Ewúro tí wọ́n fọ̀ dáadáa, tí kíkorò rẹ̀ kù díẹ̀, òun ni mo yàn. Ìyá Ìjókù ní òun kò rí ọkùnrin tó ń yan ẹ̀fọ́ bí ìyàwó rí.

Ṣúgà ló kù. Iyọ̀ ń pariwo ní ojúkojú, ṣúgà ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn. Mo ń gba ọ̀nà mìíràn dé ibi iṣẹ́ kí n má ba à kọjá lọ́dọ̀ onítíì. Ògì ni mo ń mu láàárọ̀, ògì náà sì kan láìsí ṣúgà tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń dijú mu ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ìjókù gbé ife ògì kalẹ̀, ó fi èso pupa kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Kọ́kọ́ fi ìyẹn panu.”

“Ìyá, wọ́n ti fi èyí ṣe mí rí.”

“Ìgbà yẹn, wọ́n fi tàn ọ́ jẹ ni. Ní báyìí, ìwọ ni kí o fi tan ahọ́n rẹ jẹ.”

Mo lá a. Mo gbé ife. Mo mu ún dé ìsàlẹ̀, mo fi ife bojú fún ìgbà díẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí ó rí ojú mi. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti dùn lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ lára ewúro. N kò fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí n kò mọ ìdí rẹ̀. Mo mú agbáyun méjì lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó mú ọ̀kan, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

“Lóko bàbá mi, òun la fi ń mu ọsàn kíkan. Ẹnu nìkan ló ń tàn jẹ, Bàbá. Ẹ mú ìtọ̀ yín wá, ká wo ohun tí ara wí.”

Ó sè é. Aró náà di àwọ̀ ewé, ó dúró síbẹ̀. Kò pọ́n. Ó gbé ìgò náà sókè sójú fèrèsé kí àwa méjèèjì lè rí i.

Ṣódiípọ̀ gba iṣẹ́ kíkó agbáyun wá láti oko rẹ̀ bí ìtanràn. “Èmi ló fi ewúro ṣì ọ́ lọ́nà,” ó ní, “èmi náà ló kọ́kọ́ fún ọ lágbáyun. A ti ta ọ̀mì.” Nígbà tí àsìkò agbáyun kọjá, mo rò pé wàhálà mi á tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ògì, mo mu ún. Ó kan. Kò burú. Ó ní adùn ọkà kan lábẹ́ kíkan rẹ̀ tí n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí.

Egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì láti etí. Nígbà tí lọ́rì obì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ní Sábó, ó ti di àpá.

Àbẹ̀kẹ́ kò dúró gbọ́ ìyẹn lórí tẹlifóònù. Ó ti wọ ọkọ̀. Mo ti Sábó dé, mo bá a lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà Ìyá Ìjókù pẹ̀lú ẹrù rẹpẹtẹ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Bàbá, ẹ ti rù.”

“Mo fúyẹ́.”

“Ẹsẹ̀ yín dà?”

Mo na ẹsẹ̀ sí i. Ó fọwọ́ kan àpá náà, ó tẹ̀ ẹ́. Kò dá a lójú síbẹ̀. Ó tọ́ ọbẹ̀ Ìyá Ìjókù wò, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣé ohun tí wọ́n ń fún yín jẹ nìyí? Kò níyọ̀. Bàbá, ẹni tó bá fẹ́ràn ènìyàn kì í se èyí fún un.”

Ọ̀rọ̀ tí mo ti rò nínú ara mi ló ń jáde lẹ́nu ọmọ mi. Ilé kan náà ló tọ́ wa.

Ó bẹ Ìyá Ìjókù pé kí ó jẹ́ kí òun dáná lọ́jọ́ yẹn. Láti inú yàrá mi ni mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọbẹ̀ Àṣàbí ni. Bí ó ṣe ń fi irú sí i, bí ó ṣe ń jẹ́ kí epo gbóná kí ata tó wọlé, gbogbo rẹ̀ ló kọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Àṣàbí ti kú, ọbẹ̀ yẹn ni mò ń wá káàkiri pẹ̀lú agolo nínú àpò. Àbẹ̀kẹ́ gbé e síwájú mi, ó jókòó, ó ń wò mí lójú gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

Mo bu òkèlè. Iyọ̀ náà ta mí láhọ́n bí iná. Mo rọra gbé e mì. Mo bu èkejì, mo ní bóyá ti àkọ́kọ́ ni. Mo gbé omi mu.

“Kò dà bí ti ìyá mi?”

“Ó dà bí i tirẹ̀ gan-an.”

“Kí ló dé tí ẹ kò jẹ ẹ́?”

“Ọbẹ̀ náà kò yí padà, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló yí padà.”

Ó wo àwo náà pẹ́. Ó tún wo ẹsẹ̀ mi. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Ó ti kó gbogbo ẹrù yẹn wá kí ó lè mú bàbá rẹ̀ lọ sílé, ẹnu bàbá rẹ̀ sì ti kúrò níbẹ̀. Inú mi bàjẹ́ fún un. Ní tèmi, ọkàn mi balẹ̀. Kì í ṣe pé mo gbàgbé Àṣàbí. Mo rí i pé mo lè rántí rẹ̀ láìta ahọ́n mi.

Ìyá Ìjókù wọlé pẹ̀lú àwo ìkọ́kọrẹ́ kékeré. Ó gbé e fún Àbẹ̀kẹ́.

“Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọbẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

Ìyá wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ẹ̀rín pa àwa méjèèjì tó bẹ́ẹ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ló ń rín.

Ní ọ̀la rẹ̀, mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé kí ó tó lọ. Lábẹ́ òjìji igi obì Ìyá Ìjókù, agbáyun kan wà níbẹ̀ tí kò ga ju ọwọ́ lọ. Kóró rẹ̀ ni mo gbìn. Igi náà kì í yára, ó ń gba ọdún díẹ̀ kó tó so.

Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Ó ti gbé agolo ìyá rẹ̀ sínú ẹrù rẹ̀. Èmi ni mo fún un, mo ní kí ó máa lò ó, ṣùgbọ́n kí iyọ̀ rẹ̀ má pọ̀ jù, kí ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ má baà ru bíi tèmi.

“Ìgbà wo lẹ ó wá wálé?” ó bi mí láti orí ìjókòó.

“Bí agbáyun yẹn bá so, n ó gbé e wá fún ọ.”

“Ìyá Ìjókù ní kì í pẹ́ bàjẹ́. Ó ní kò lè rin ìrìn ọjọ́ méjì.”

“Ó dára. Ìwọ ni yóò wá jẹ ẹ́ níbí.”

Ó fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n lọ́rì ti gbéra. Ó na ọwọ́ jáde títí mo fi pàdánù rẹ̀ nínú eruku. Mo yí padà, mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì rìn lọ sí Sábó. Agbọ̀n obì ìkẹyìn ọdún náà wà nílẹ̀, wọn kò sì tíì tẹ́ ewé rẹ̀.